Ìdáhùn Tí Mo Kọ Nípa Dáre

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ tú u síta lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná, lẹ́yìn náà ẹ bú mi bó ṣe wù yín.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe níbí, ní Adó. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì wa, torí mo ṣì fẹ́ jẹun! Bí àwọn aṣòfin bá bi ìjọba ní ìbéèrè tó kàn wá, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ ọ́n kọ, kí n má purọ́. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé tí ìwé bá ti wá láti ọwọ́ mi, òun kì í wulẹ̀ mú bírò pupa jáde.

Àṣà kan wà ní ọ́fíìsì wa: ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Bí ilé yín bá ń jó, tí ẹ sáré wá sọ fún wa, ẹ lọ kọ lẹ́tà wá. A ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, a ó fún un ní nọ́ńbà, ìgbà yẹn la tó gbọ́. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é o.

Màmá mi ní àbúrò obìnrin kan ní Igbemo. Màmá Igbemo la máa ń pè wọ́n. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn, àwọn àti Dáre, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Èmi àti Dáre jọ dàgbà ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, a jọ máa ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì yẹn. Bí Dáre bá pariwo lé ẹyẹ, wọ́n á gbọ́ ọ dé títì!

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìrẹsì ń gbó, Dáre jáde láàárọ̀ láti lọ lé ẹyẹ. Kò padà wálé. Wọ́n bá ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ọdẹ wá gbogbo inú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò rí i. Kò sí ajínigbé tó pè, kò sẹ́ni tó béèrè owó.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Igbemo wá bá mi nílé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀, bíi pé wọ́n ń lọ rí ẹni ńlá. Wọ́n mú àpòòwé kan lọ́wọ́, wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Wọ́n ní fọ́tò Dáre wà níbẹ̀, àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀wù búlúù tó wọ̀ jáde sí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Bùnmi, ọmọ mi, ùwọ lò ń ṣe uṣẹ́ ìjọba nínú ulé wa. Bá mi sọ fún ìjọba.”

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo ti gbọ́. A jọ sunkún, mo sì sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ Fájuyì kí wọ́n lè rí mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, mo fi àpòòwé náà sínú dúrọ́ọ̀ mi lọ́fíìsì, pé n ó bá wọn tẹ lẹ́tà tó máa tẹ̀ lé e. Mo pe ọlọ́pàá kan tí mo mọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí ẹbí mú ẹ̀sùn wá sí àgọ́, mo ní ó dáa. Lẹ́yìn náà, ìdánwò ìgbéga dé, ọmọ mi ṣàìsàn, àwọn ọ̀dítọ̀ wọlé... Mo gbàgbé. Rárá o, mi ò gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá ń wá sítépílà ni mò ń rí i, màá sì ní ó di ọ̀la.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìbéèrè dé láti ọ̀dọ̀ aṣòfin kan. Mẹ́ta ni: kí ni ìjọba mọ̀ nípa àwọn tó ń sọnù lójú oko ní agbègbè Igbemo, ṣé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn àjèjì tó ń wọ ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, àti pé, kí ni àgbẹ̀ ń rí jẹ lórí ìrẹsì báyìí? Méjì tó gbẹ̀yìn kò le, fáìlì wọn sanra. Mo ṣí fáìlì ti àkọ́kọ́. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀.

Ṣé mo rántí Dáre? Mo rántí rẹ̀! Ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ kọ? Pé wọ́n sọ fún mi ní pálọ̀ mi? Ọ̀gá á béèrè nọ́ńbà lẹ́tà. Á tún béèrè ìdí tí àpòòwé fi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo bá kọ ọ́ pé kò sí ìròyìn tó dé ọ́fíìsì yìí pé ẹnikẹ́ni sọnù lójú oko ní agbègbè náà. Ọ̀gá kà á, ó ní mo káre, ó fọwọ́ sí i.

Ohun tí mi ò rò ni rédíò. Wọ́n ka ìdáhùn wa nínú ìròyìn Yorùbá láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Igbemo sì gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n wọlé sí ọ́fíìsì wa. Mo rò pé wọ́n máa pariwo lé mi lórí. Ì bá sàn! Wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n béèrè ọmọ mi, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn àbúrò bàbá Dáre fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nígbà náà, àwọn, ìyá rẹ̀, ni àwọn dá wọn dúró. Àwọn sọ fún wọn pé Bùnmi ti gbọ́, pé ìjọba ti gbọ́ nìyẹn.

Ṣé ẹ gbọ́ o? Nítorí èmi ni ẹnikẹ́ni ò fi lọ sí àgọ́!

“Bùnmi, fún mi ní fọ́tò ọmọ mi kí n mú un relé. Kò sí òmíràn. Mo rò pé ọwọ́ ìjọba ló wà.”

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ lójú wọn. Abẹ́ sítépílà ni àpòòwé náà wà. Wọ́n gbà á, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ibi tí wọ́n lẹ̀ fúnra wọn. Mi ò ṣí i rí. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo ọ́fíìsì, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ náà ni mo tẹ lẹ́tà, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé ìdáhùn tí a fún àwọn aṣòfin kò pé, èmi ló sì fà á. Wọ́n ti ní kí n wá wí tẹnu mi. Ó tọ́ sí mi. Àwọn ọlọ́pàá ti dé oko náà, ṣùgbọ́n òjò odindi àsìkò kan ti rọ̀ sójú ọ̀nà yẹn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí? Dáre ò tíì dé. Ìrẹsì tún ti ń gbó, Màmá Igbemo nìkan ló ń lé ẹyẹ báyìí, ohùn wọn ò sì jáde tó ti Dáre.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ wá bá yín nítorí ipò tí ẹ wà, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọmọ nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, sísọ fún un kọ́ ni sísọ fún ìjọba. Ẹ gbé ìwé yín lọ fúnra yín, kí ẹ dúró kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lójú yín.

Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí, yálà ẹ̀yin lẹ gbé ìwé lọ ni o, tàbí ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ tiyín, ẹ bá mi kọ́kọ́ kọ èyí: Dáre, Igbemo, ẹ̀wù búlúù. Èmi tí wọ́n ní kí n kọ ọ́, mi ò kọ ọ́.