Ewé Oníkókó Mẹ́ta Nínú Igbó Ìjọba

Ẹ gbà mí gbọ́ o, ẹ má gbà mí gbọ́ o, ojú mi yìí ló rí i. Èmi gan-an ni mo máa ń fi àwọn tó ń sọ irú ìtàn báyìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàwé débi pé, bí mo bá pàdé iwin, mo lè ṣàlàyé fún un pé òun kò sí.

Jímọ̀ ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi ni láti yunifásítì, ìlú òyìnbó ló sì ń gbé báyìí. Nígbà tó wálé, ó bá mi nínú ilé mi ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, ó ní láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo ti di àga pálọ̀. Ó ní ká lọ ṣe "háíkì", ìyẹn ká máa fẹsẹ̀ rìn kiri fún ìgbádùn, nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú. Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìyà, Jímọ̀ ra bàtà olówó ńlá fún un.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la débẹ̀, oòrùn ti ń ta. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe òru? Bàbá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì kọ orúkọ wa sínú ìwé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé lónìí o. Ẹnì kankan ò tíì wọlé."

A rìn títí a fi dé oríta kan. Máàpù inú fóònù Jímọ̀ ní ká yà sósì. Ẹ̀ka igi tútù kan wà ní ìdábùú ọ̀nà òsì náà, wọ́n ta koríko mọ́ ọn ní kókó mẹ́ta.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka kókó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú igbó ló máa ń fi ewé dí ọ̀nà tí kò yẹ ní gbígbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Sìfáwù, ìyàwó mi, kì í dúró dè mí bí a bá ń lọ sí oko kajú bàbá rẹ̀. Ó yára, èmi sì ní ikùn. Àwọn yòókù a kàn ju ewé sílẹ̀. Òun a ta koríko mọ́ tirẹ̀ ní kókó mẹ́ta. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Kí o lè mọ̀ pé èmi ni."

Ó ti pé ọdún méjì tí a ti sin ín.

"Ọ̀tún ni," mo sọ fún Jímọ̀.

Ní oríta kejì, ewé tún wà, kókó mẹ́ta. Oje ṣì ń kán lára ẹ̀ka náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára, èmi tí mo máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi.

"Dókítà oníkùn, rọra! Kí lò ń lé?" Jímọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aago ọwọ́ rẹ̀ ń dún, ó ń kí i kú iṣẹ́.

Mo túbọ̀ yára. Ṣé kí n sọ pé ìyàwó mi ni?

A wá dé ibi tí kò sí oríta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó ṣẹ́ kọ́nà níwájú. Ewé náà wà ní ìdábùú rẹ̀, kókó mẹ́ta.

Mo sì gbọ́ ìró sálúbàtà tó ń gbá gìgísẹ̀, pá-pá, pá-pá, lẹ́yìn kọ́nà yẹn.

"Sìfáwù," mo pè é jẹ́jẹ́.

Ìró náà dúró.

Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń dúró dè mí. Obìnrin tí kò dúró dè mí rí.

Mo gbé ẹsẹ̀ láti ré ewé náà kọjá. Jímọ̀ di ẹ̀yìn aṣọ mi mú. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ Ìlọrin padà, kò sí òyìnbó kankan nínú ẹ̀ mọ́.

"Ta ló ń dí ọ̀nà fún wa?"

"Sìfáwù ni."

"Kí lewé yẹn ń sọ?"

"Pé ká má gbabẹ̀."

"Ṣó parọ́ fún ẹ rí?"

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ṣáà mọ̀ pé mi ò fẹ́ ohunkóhun láyé mi rí bí mo ṣe fẹ́ rí ẹ̀yìn kọ́nà yẹn.

"Kò parọ́ fún mi rí," mo ní. Mo sì dá ẹsẹ̀ náà padà.

Ìró sálúbàtà náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lé òun bá.

Nígbà tí à ń padà, ewé kankan ò sí ní oríta méjèèjì. Jímọ̀ ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu títí a fi dé géètì. Aago rẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ ń sáré jù. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló padà sí ìlú òyìnbó, kò sì dárúkọ háíkì mọ́.

Èmi ń lọ ní gbogbo Sátidé. Bàbá ẹ̀ṣọ́ kì í béèrè orúkọ mi mọ́. Mo máa ń dúró níbi tí ewé ìkẹyìn wà. Kò sí i mọ́, ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bóyá ó ti ní kí n máa bọ̀ ni. Bóyá kì í sì í ṣe òun ló dúró dè mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá rí ewé ní ìdábùú ọ̀nà nínú igbó, ẹ yà. Bí ẹ bá sì mọ ọwọ́ tó ta á, ẹ mú ẹni tó lè di aṣọ yín mú dání. Ẹ má dá lọ bí mo ṣe ń dá lọ yìí.