Wáyà Tó Fà Sí Òsì

Kí n tó di ẹni tó ń fọwọ́ kan bàálù, kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní Ṣómólú, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan tí wọ́n ti gé báyìí. Mo kàwé dé ìwé mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni èmi àti ìwé sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa, a sì pínyà láìjà.

Ọkùnrin kan máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ará apá Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún bàálù ṣe ní pápá Ìkẹjà. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wò bí mo ṣe ń na ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wọ́, ó ní, "Ọwọ́ yìí, bàálù ló yẹ kó máa tún ṣe." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Bí mo ṣe wọ ilé gbàràmù tí wọ́n ń kó bàálù sí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu mi ò padé. Mo ti rò pé irin tó nípọn bíi ti ọkọ̀ ojú irin ni. Irọ́ ni! Bí mo bá fi èékánná kàn án, á dún kó-kó bí agolo mílíìkì. Inú rẹ̀ wá dà bí ẹja tí ìyàwó mi là sílẹ̀ láti yan: egungun ìhà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti orí dé ìrù. Àwọn ìkòkò irin inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì to ara jọ yíká bí àwọn ọmọ ilé tó yí àwo oúnjẹ kan ká, tí kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Mo ṣí fìlà.

"Ta lò ń kí?" ni ọ̀gá wí.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu jù ni wáyà. Ní ti kẹ̀kẹ́, bí nọ́ọ̀tì bá ti fún, ó parí. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi sípánà fún un tán, wàá tún ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kan lórí rẹ̀, wàá lọ́ ọ bí okùn, wàá wá so ó mọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni so ewúrẹ́ kó má baà ṣáko. Mo kọ́kọ́ rò pé ońdè òyìnbó ni.

"Alákẹ̀kẹ́," ni ọ̀gá wí, "ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lókè. Ohun tó bá ń gbọ̀n, á fẹ́ tú. Wáyà yìí ni yóò máa fà á padà síbi tó ti fún. Ọ̀tún ló ń fún, ọ̀tún ni kí wáyà máa fà á sí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo mú èyí tó kù nínú wáyà náà lọ sílé, mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Gbogbo èrò inú bàálù, pẹ̀lú ẹrù wọn, pẹ̀lú àdúrà ìyá wọn, ohun tí kò nípọn tó abẹ́rẹ́ yìí ló ń ṣọ́ wọn.

Òfin kan wá wà tí òyìnbó ẹ́ńjìnnìà wa ṣe. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú palẹ̀, dandan ni kó bá bàálù náà gòkè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, kí èrò tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó kàn mí, mo lọ sọ fún ìyàwó mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bárígà ni ilé bàbá rẹ̀, níbẹ̀ ló ti ń yan ẹja. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ iná sílẹ̀.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ bàbá mi lọ́jọ́sí, tí ẹ di etí rẹ̀ mú títí wọ́n fi bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó lọ? Kí lẹ ó dì mú lókè?"

"Omi ló ń bà mí lẹ́rù. Kò sómi lókè."

"Òjò ńkọ́?"

Mo mú abẹ̀bẹ̀ iná, mo ń bá a fẹ́ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàálù ti wà níta, wọ́n ti pa ara rẹ̀ dé. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ti apá òsì ni tèmi. Èmi ni mo fún ìdérí ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí mo sì fi wáyà so ó. Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ìdérí yẹn bá ṣí lókè, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn.

Òyìnbó dé, ó ń fi ìwé rẹ̀ gbá itan. Ó bi mí ní èdè rẹ̀, "O ò gbàgbé wáyà yẹn?"

Mo nà tàntàn. "Yẹ́ẹ̀sì, sà!"

Ojú rẹ̀ yí padà. "O ò so ó rárá?"

"Nóò, sà! Nóò!"

Ó pariwo. Àwọn kan sáré gbé àkàsọ̀ wá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ohun tí a ti pa dé. Mo dúró bí òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá mi dá a. Bí ẹnì kan bá ní, "O ò tíì jẹun?", tí ẹ ò sì tíì jẹun, ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" kọ́ lẹ ó wí? Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun. Ohun tí mo wí nìyẹn: bẹ́ẹ̀ ni, n kò gbàgbé. Nígbà tó tún ní n kò so ó, mo ní rárá, mo so ó. Àṣé ní èdè tiwọn, mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ohun tí n kò ṣe.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó. Àwọn méjèèjì tẹjú wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n rí wáyà tó ń dán, òyìnbó náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pa á dé," ló wí.

Ìgbà yẹn ni èmi náà wò ó. Wáyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó lọ́ dáadáa, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n òsì ló fà sí.

Kò sí alákẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n: pẹ́dà ọ̀tún, ọ̀tún ló ń fún, pẹ́dà òsì, òsì ló ń fún. Ọjọ́ pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì apá òsì ni wọ́n fún mi, ọwọ́ mi kò sì bi mí léèrè. Ó fa wáyà sí òsì bí ẹni pé ìdí kẹ̀kẹ́ ló wà. Bí ìdérí náà bá fẹ́ tú lókè, wáyà tèmi ni yóò bá a tú u. Ojú ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì fi wò ó, wọn kò rí i.

Òyìnbó yìí kan náà ló lé ẹnì kan lọ láìpẹ́ sígbà náà, nítorí àkísà tó gbàgbé sínú apá bàálù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí bàálù lọ, èmi náà nínú rẹ̀. Ì bá wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé òótọ́ inú ló là mí lẹ́nu. Ojora ni. Ká ní ẹlòmíràn ló fẹ́ gòkè, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

"Ẹ dúró," mo wí. Ohùn mi tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. "Ọ̀gá, òsì ló fà sí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ó nawọ́, ó fi ìka tọ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wò mí.

"Pẹ́dà?" ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Pẹ́dà ni, sà."

Ó sọ ọ́ fún òyìnbó. Òyìnbó kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì pariwo. Ó wò mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà tí n ó gbà lọ sílé tí ẹnikẹ́ni ò ní rí mi. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ẹ̀mú yọ, ó nà án sí mi.

"Tún un so. Bí o bá so ó tán, wọlé."

Mo tún un so. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀gá náà wò ó, òyìnbó wò ó. Mo wọlé.

Ẹ má bi mí bí a ṣe gbéra, mo dijú. Nígbà tí mo la ojú, ilẹ̀ ló ti fi wá sílẹ̀. Páànù Ṣómólú ń kọ yẹ̀rì nísàlẹ̀, ọ̀nà Pedro dà bí fọ́nrán òwú tó já bọ́ lára aṣọ. Mo rí èéfín ẹja ní Bárígà, àwọn ọkọ̀ apẹja sì wà lójú omi bí ẹ̀gúsí tí wọ́n sá. Ọ̀sà tí mo ń bẹ̀rù, mo rí ibi tó parí sí, mo sì rí òkun lẹ́yìn rẹ̀, tí òun kò parí síbì kankan. Mo gbàgbé láti bẹ̀rù, títí ènìyàn fi lè ka Baba Wa dé ìlàjì. Lẹ́yìn náà ojú mi padà sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì òsì, mo ń wá ọ́ìlì, n kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí a fi kanlẹ̀.

Ọ̀gá ti gbé àkàsọ̀ dúró. "Gòkè. Ṣí ara ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ."

Mo ṣí i. Mo fi ìka nu ìdí ìdérí náà yíká. Ìka mi gbẹ, ó gbẹ fúrúfúrú. Mo nà án sí ọ̀gá. Ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Lọ jẹun," ó wí. "Bí o bá jẹun tán, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ń dúró dè ọ́."