Ọta Tí Èmi àti Bàbá Ìyàwó Mi Jọ Yàn

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìséyìn wá bá wa gbé ní Suitland, ní Amẹ́ríkà. Ọdẹ ni wọ́n nílé. Lọ́dọ̀ wa, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a háyà, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n kírun, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì máa wo mọ́tò lójú fèrèsé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ níṣojú àlejò pé àwọn ń padà sílé, àwọn kò ní dúró de ìbímọ. Ìyàwó mi sunkún. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ bímọ láìsí òbí kankan nítòsí.

Bàbá òyìnbó kan tí a máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìhà oko ló ní kí n wá bá òun pa àwọn ẹran inú ihò tó ń jẹ ẹ̀wà sóyà òun run. Ẹran náà jọ òkété tó sanra. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ọdẹ nígbà náà, n kò tíì pa eṣinṣin rí, ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò tó pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn ọta. Ọta 223 ni mo fẹ́, èyí tó yára, tó ń lọ jìnnà gbọọrọ. Mo sọ ọ́ fún bàbá ìyàwó mi, wọ́n ní kí ló máa kù nínú ẹran. Mo ní á fọ́ yángá. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ da ọbẹ̀ nù. Ọta 22 kékeré ni tiwọn, kò pariwo, kì í ba ẹran jẹ́, kódà bí èèyàn bá ní láti rá kòrò dé ìdí ẹran. Orí oúnjẹ la ti ń jà á. Inú mi dùn, nítorí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn a gbà fún 22 Magnum, tó ń lọ jìnnà ju 22 lọ, tí kò sì ya wèrè tó 223.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọkọ̀ òfuurufú la lọ sóko. Ọ̀kan nínú àwọn ẹran náà nàró létí ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fojú sun ún. Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Gbé e sílẹ̀. Nílé tiwa, ẹni tíyàwó ẹ̀ bá lóyún kì í yìnbọn. Tó bá bí tán, a ó jọ padà wá.”

Mo ní, “Bàbá, flight yín ńkọ́?”

“Bá mi sún un síwájú.”

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Èèwọ̀ wo? Ọ̀yà tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ìkómọ mi, Daddy ló pa á, ọjọ́ tí Mummy ń rọbí gan-an.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Àgbà tó ti sọ níṣojú àlejò pé òun ń lọ ń wá ọ̀nà tí yóò fi dúró láìjẹ pé ó yíhùn padà. Àwọn ni wọ́n pe ìrun sí ọmọ wa létí. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, n kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ títí dòní pé mo mọ̀.

Ìyàwó mi tún ti lóyún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe bàbá ní Ìséyìn, mo ní mo fẹ́ lọ ṣọdẹ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dán an wò, àwọn ń bọ̀.