Ọjọ́ Tí Kò Bọ́ Sínú Oṣù Kankan

Mo ti dàgbà kí n tó lọ sílé ìwé. Ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìkòròdú ni tíṣà ti sọ fún wa pé, láyé àtijọ́, oṣù mẹ́wàá péré ni àwọn ará Róòmù ń kà. Bí òtútù bá ti dé, tí iṣẹ́ oko dúró, wọn kì í ka nǹkan kan mọ́. Àwọn ọjọ́ náà kàn ń kọjá ni, wọn kò ní oṣù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọba kan fi oṣù méjì kún un. Mo béèrè pé ẹni tó bá kú nínú àwọn ọjọ́ yẹn ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Oṣù Agẹmọ ni ìyàwó mi kú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn. Èmi wá láti Ọ̀ṣun, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ka ọdún ikú rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún náà pé, ilé mi yí padà. Èmi nìkan ni mò ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá bá omi nínú garawa tí mo fi sílẹ̀ lófìfo. Òórùn ẹja yíyan wà lára kọ́tìnì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ pé. Mo ra ìrẹsì Ìmọ̀ta, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún sàárà. Ìyá ìyàwó mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọ̀sà.

"Ìrẹsì kí nìyí, àna mi?"

"Ti ọdún rẹ̀ ni, Ìyá. Òní ló pé."

"Ṣé ìgbín ni kàlẹ́ńdà tiyín ń gùn ni? Òṣùpá là ń wò níbí, ọdún tiwa sì yá ju tiyín lọ. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá tí a ti ṣe sàárà rẹ̀."

"Ẹ kò pè mí."

"Ta ló ń pe ọkọ wá síbi ọdún ìyàwó rẹ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun náà retí rẹ. Nígbà tí kò rí ọ, ó wá ọ lọ. Àbí o ò rí i?"

Mo ro ó sẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe sàárà ni mo kọ́kọ́ bá omi nínú garawa.

"Omi ni mo rí," ni mo wí.

"Ó ti kúrò nínú ọdún tiwa, kò sì tíì dé inú tìrẹ. Ibẹ̀ kò dára fún òkú. Ṣe sàárà tìrẹ, kó lè máa lọ."

Wọ́n se ìrẹsì náà, wọ́n pín in fún àdúgbò. Ìyá na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣe àdúà pé kí ọmọ òun sùn, kó má padà sílé kankan mọ́. Gbogbo wọn ń retí àmín lẹ́nu mi.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ṣe é, èmi nìkan ni yóò kù nílé. Ó pẹ́ kí n tó la ẹnu ṣe àmín.