Ọjọ́ Tí Mo Sọ fún Àgbàlagbà Pé "Dúró!"

Koríko gbígbẹ tí òjò ti rin, tó wá ń gbẹ lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé tí kò ní fèrèsé gidi, òórùn rẹ̀ kì í tán nímú èèyàn. Òórùn yẹn ló máa ń kí wa káàárọ̀ ní gbogbo Sátidé tí a bá ṣí ilé onípákó kékeré tí ẹgbẹ́ tafàtafà wa ń kó ẹrù sí ní Thamesmead ní London, òun àti òórùn ìda tí a fi ń pa ọsán ọrun, àti ti ẹrẹ̀ odò tí atẹ́gùn ń gbé gba orí ilé kọjá wá bá wa. Kò sẹ́ni tó gbà wá síṣẹ́ níbẹ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ là ń gé koríko pápá, àwa là ń gbé ojú àmì jáde, ìyẹn àwọn pátákó ńláńlá tí wọ́n fi koríko hun, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ni nídìí, àwa náà là ń so àsíá pupa mọ́ òpó kí àwọn tó ń rìn kiri lè mọ̀ pé ọfà ń fò. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni mò ń ṣe kiri ilé onílé ní Woolwich. Tó bá wá di Sátidé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sùn, mo tún lọ ń fa koríko. Ọkọ mi ní orí mi ò pé, mi ò sì bá a jiyàn.

Ṣé o rí i, ojo ni mí. Má rẹ́rìn-ín. Èmi tí eku bá ta pútú, tí mo ti bọ́ sórí àga, kí ni mò ń wá níbi tí wọ́n ti ń tafà? Ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ kan ni mo tẹ̀ lé lọ wòran lẹ́ẹ̀kan, ìdákẹ́rọ́rọ́ tó máa ń wà kí ọfà tó kúrò lọ́wọ́ èèyàn wọ̀ mí lára, mi ò sì lè padà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Alága ẹgbẹ́ wa, obìnrin òyìnbó kan tó ti dàgbà gan-an, tó ní ká máa pe òun lórúkọ ṣùgbọ́n tí ẹnu mi kò gbà á, ló fi mí ṣe olórí pápá. Olórí pápá ni ẹni tí kì í tafà lọ́jọ́ náà, tó ń fọn fèrè kí àwọn yòókù tó ta, tó sì ń ṣọ́ ọ̀tún, ó ń ṣọ́ òsì. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ̀rù máa ń bà mí." Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló máa ń tètè rí nǹkan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú nígbà náà, àṣé mi ò tíì mọ ohun tí ojú mi máa rí.

Èmi ni mo mú Uncle wọ ẹgbẹ́. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ̀bá Plumstead Common ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ orí wọn sì tó ti bàbá mi. Dókítà ló ní kí wọ́n wá eré ìdárayá kan ṣe, wọ́n bá ní ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá àwọn, pé ọfà kò lè ṣàjèjì sí àwọn. Èèyàn dáadáa ni Uncle, ọwọ́ wọn kì í há, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìwọ̀sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London yìí, tí "ẹ" ti sọnù lẹ́nu wọn, Uncle kì í dá wọn sí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin ìjọ wa kan pàdé wọn ní Powis Street tó ní, "Uncle, báwo ni, ṣé o wà?" Inú ọmọ náà dùn, ó rò pé òun ti sọ Yorùbá tó gbámúṣé. Uncle dúró sójú kan. "Èmi lò ń bi pé ṣé o wà? Ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Àbí a jọ lọ ilé ìwé ni?" Wọ́n fi "ẹ" kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí ice cream tó mú dání fi yọ́ sí i lápá. Mo rẹ́rìn-ín délé lọ́jọ́ yẹn.

Nínú iṣẹ́ ọfà ní ìlú òyìnbó níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fi ṣeré. Tí ẹnikẹ́ni bá rí ewu, kódà kó jẹ́ pé ajá ló já wọ pápá, yóò ké pé, "Fast!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí gbogbo èèyàn dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ ọrun kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ta mọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ bá wọn ké e, kó lè dé etí gbogbo èèyàn. Alága ṣàlàyé fún wa pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, pé ó túmọ̀ sí kí nǹkan wà gbọn-in níbi tó wà. Ọjọ́ tí Uncle kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Fast kẹ̀? Ṣé ká gbààwẹ̀ ni, àbí ká yára?" A rẹ́rìn-ín títí, Alága náà ń bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí a ń rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n Uncle kọ́ ọ o. Tí o bá jí wọn lójú oorun tí o bi wọ́n, wọ́n á sọ fún ọ pé ká dáwọ́ dúró ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan báyìí ni, nígbà tí ewé igi ti ń já, tí kùrukùru sì bo ilẹ̀ díẹ̀. Èmi àti Alága rin pápá yípo bí a ṣe máa ń ṣe. A wo ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìn, ó dúró ṣinṣin lójú. A wo gbalasa tó wà lẹ́yìn àwọn ojú àmì, níbi tí ọfà tó bá ṣìnà máa ń balẹ̀ sí, kò séèyàn. Alága wọlé lọ gbé omi tíì kaná, èmi so àsíá, mo fọn fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi ta tiwọn tán tí wọ́n sún sẹ́yìn, ó wá ku Uncle nìkan lórí ìlà. Uncle kì í kánjú. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á dijú kan, wọ́n á tún ẹsẹ̀ tò, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ọfà náà á sì gba orí ojú àmì kọjá lọ síbi tó wù ú. Òtútù ti ń mú àwọn tó ń dúró dè wọ́n, wọ́n ti ń fẹsẹ̀ lulẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan funfun kan nínú koríko, lẹ́yìn àwọn ojú àmì lọ́hùn-ún. Mo ní nylon ni, torí atẹ́gùn máa ń gbé nylon wá láti ojú títì. Mo tẹjú mọ́ ọn. Nylon náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Yéè! Èèyàn ni! Èèyàn tó wọ sùtánà funfun, tó dojú bolẹ̀, tó ń gbàdúrà. Èmi náà ti wọ irú aṣọ yẹn rí, mo ti gba irú àdúrà yẹn rí, kò sí bí mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Mo wojú Uncle, wọ́n ti fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fèrè wà lọ́rùn mi, mi ò tiẹ̀ rántí pé mo ní ọrùn. Mo ké, "Fast!"

Uncle tú ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi ojú mi rí ọfà yẹn bó ṣe gba òkè ojú àmì kọjá, bó ṣe tẹrí ba, tó wọ inú koríko níbi tí nǹkan funfun náà wà. Mi ò gbọ́ igbe. Àìgbọ́ igbe yẹn bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Kí n tó mí, Uncle ti yọ ọfà mìíràn nínú apó. Mo tún ké, "Fast! Fast!" Àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì rí ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, gbogbo pápá wá ń hó, "Fast! Fast!" Bí a ṣe ń ké e, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Uncle ń yá sí i. Wọ́n ń fi ìkánjú wá ibi tí ọfà máa jókòó sí lára ọsán, wọ́n sì ń dáhùn láì wẹ̀yìn, "Mò ń yára! Ẹ ní sùúrù, ẹ jọ̀ọ́, mò ń yára!"

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Uncle ti fò lọ. Ẹni tó ṣẹ́ kù lórí ìlà, tó mọ̀ pé òun ni gbogbo èèyàn ń dúró dè nínú òtútù, tó wá gbọ́ "fast" lẹ́nu ọmọ ìjọ ẹ̀, ní ohùn Yorùbá, kí ló tún máa rò? Wọ́n rò pé à ń kán wọn lójú ni. Kò sí àyè láti sáré lọ bá wọn. Ọsán ti ń lọ sẹ́yìn. Mo wá lọgun láti ìsàlẹ̀ ikùn mi, "Dúró!"

Kò sí "ẹ" níbẹ̀. Kò sí "Uncle" níbẹ̀. Dúró, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ ilé ìdáná.

Ọrun náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ewu ló mú Uncle dáwọ́ dúró o, mo fẹ́ kí èyí yé ọ. Inú ló bí wọn. Wọ́n yọ ọfà kúrò lára ọsán, wọ́n yíjú padà sí mi, ojú wọn ti pọ́n koko. "Èmi? Èmi lò ń sọ fún pé dúró? Níwájú òyìnbó?" Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú koríko tútù, mò ń nàka sẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣì ń bá a lọ, "Èmi tí mo bí ọmọ tó jù ẹ́ lọ!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ibi tí mò ń nàka sí. Nǹkan funfun yẹn ti dìde. Ó nà ró gbangba lójú ibi tí Uncle kọ ọfà sí lẹ́ẹ̀kan, ó ń wòkè.

A sáré débẹ̀. Ìyá àgbà kan ni, ẹsẹ̀ lásán, bàtà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ọfà àkọ́kọ́ ti gba orí wọn kọjá, ó gún ilẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n gbé iwájú orí lé, bí ẹni pé ẹnì kan rọra fi ọwọ́ gbìn ín. Mama kò rí i, ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní etí omi Southmere làwọn ti máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé ibẹ̀, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn ara àwọn. Àwọn fọwọ́ kan pákó kan lára ọgbà wa, ó yẹ̀, àwọn sì bá ibẹ̀ wọlé. Àsíá pupa? Àwọn rò pé ti àwọn tó ń kọ́lé ni.

Mo ní, "Mama, ṣé ẹ ò gbọ́ gbogbo bí a ṣe ń pariwo ni?"

Wọ́n ní, "Ariwo òyìnbó? Ta ló ráyè ìyẹn. Ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ó ní, 'Dúró!' Mo bá dìde, mo dúró." Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. "Ọmọ mi, nínú ọjọ́ orí mi yìí, ta ló tún lè sọ fún mi pé 'dúró' tí kò ní fi 'ẹ' sí i, bí kò ṣe Olúwa?"

Mo gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Uncle ló jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù. Ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn kó tó yé mi.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí o bá sọ fún un pé dúró, yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tó dojú bolẹ̀, tí o bá sọ fún un pé dúró, yóò dìde nílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí Mama wà nílẹ̀, ọfà ṣì lè gba orí wọn kọjá bí ti àkọ́kọ́ ṣe kọjá. Èmi ni mo gbé wọn nà ró síwájú èkejì. Ẹ̀rù tó bà mí kí n tó kígbe, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bà mí lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti parí. Alága fún Mama ní tíì, àwọn ọkùnrin lọ kan pákó ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn ń gbá mi mọ́ra, wọ́n ní mo gba ẹ̀mí là. Ṣe ni mo bọ́ fèrè lọ́rùn, mo lọ gbé e kọ́ inú ilé onípákó.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Uncle lọ sílé. A dé ẹ̀bá Plumstead Common. Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú, mi ò ní i lọ́kàn láti rí yín fín." Wọ́n gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò, wọn ò ṣí i.

"Ká ní mi ò bínú ńkọ́?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, àwọn tó wà lórí pápá ṣì máa ń sọ ọ́ pé ẹnu mi ló gba Mama sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹnu mi ló gbé Mama dìde fún ọfà. Ìbínú Uncle ló gbà wọ́n.