Páásíwọ̀ọ̀dù Tí Ọkọ Mi Gbàgbé

Ọkọ mi ló gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù Wáífáì, èmi ni inú ń bí.

Ó ra fóònù tuntun. "Ìyá Ṣeun, bá mi wá páásíwọ̀ọ̀dù yẹn."

Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní Wáífáì, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Lálúpọn.

Mo dojú ráútà dé, mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì tó wà ní ìdí rẹ̀ sórí fóònù tèmi, páásíwọ̀ọ̀dù sì jáde. Mo kà á fún un: "Àṣàkẹ́ mi."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àṣàkẹ́ wo nìyẹn?"

Oríkì mi ni, tó máa ń fi jí mi láràárọ̀ kí a tó bí Ṣeun.

Ó ti ń wo bọ́ọ̀lù báyìí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ta ló ṣì ń fi oríkì pè yín nílé, yàtọ̀ sí ráútà?