Àgò Ìyá Aránṣọ

"Àgò o! Omi gbígbóná o!" Bẹ́ẹ̀ ni ìyá aránṣọ tí a jọ ń gbélé ní àdúgbò Elekahia ní Port Harcourt máa ń ké kí ó tó da omi sẹ́yìnkùlé, kí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lè sá.

"Mama, frog no dey hear Yorùbá o," ni èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ wí.

"Ohùn mi ni wọ́n mọ̀."

Lọ́dọọdún, òjò àkọ́rọ̀ ló ń kó wọn wá sínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ilé, láti yé ẹyin tó gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Lọ́dún tí onílé da yanrìn dí ẹrẹ̀ náà, wọ́n ṣì wá. Omi tó dá rogún sórí yanrìn ni wọ́n yé sí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, yanrìn ti fa omi mu, ẹyin ti gbẹ bí òwú.

Láti ọjọ́ náà, a kò rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan lẹ́yìnkùlé mọ́, ìyá kò sì ké àgò mọ́. Ó kàn ń da omi gbígbóná rẹ̀ ni.